Ewé Tútù Tí A Fi Bo Abíọ́nà

Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi ni Ìyá Ṣàngótúndùn, tó máa ń ran òwú lẹ́yìnkùlé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu Ọdẹ́jìnmí fúnra rẹ̀, ọdẹ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí, ní ojúde Òkè-Àràbà, níbi tí ọkùnrin náà ti máa ń jókòó sórí ìtì igi, tí àwọn èèyàn á yí i ká. Ó ní bí ọdẹ náà ti darúgbó tó nígbà náà, inú rẹ̀ kò tíì rọ̀. Bí ó bá ti dé àwọn ibì kan nínú ìtàn náà, ohùn rẹ̀ á máa gbọ̀n, àwọn ọmọdé á sì sún sẹ́yìn. Inú èmi náà kò tíì rọ̀ sí i, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́.

Àṣà kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Bí ọdẹ Òkè-Àràbà bá pa ẹran ńlá tí òun nìkan kò lè gbé, kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ lásán. Á ṣẹ́ ẹ̀ka igi eléwé tútù, á fi bò ó láti orí dé ìrù, kí igún má baà rí i láti òkè, kí ọdẹ mìíràn tó bá ń kọjá sì mọ̀ pé ẹran náà ti ní ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn náà ni yóò tó lọ sílé lọ pe èèyàn. Ohun tí ọmọ ọdẹ ń kọ́kọ́ kọ́ nìyẹn, kó tó mọ bí wọ́n ti ń ki ẹ̀tù sínú ìbọn.

Nígbà tí Ọdẹ́jìnmí ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀, tó ń jẹ́ Ọdẹ́rìndé, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Abíọ́nà, jọ wọ igbó. Wọ́n pínyà lẹ́bàá odò. Òjò ńlá ń rọ̀. Ọdẹ́rìndé gbọ́ ìró ìbọn, ó sì gbọ́ igbe. Nígbà tó fi wá Abíọ́nà kàn, ilẹ̀ ló bá a, àyà rẹ̀ ti fọ́, ewé tútù bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ìbọn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Òjò ti wẹ gbogbo ojú ẹsẹ̀ nù. Ọdẹ́rìndé sáré wálé pẹ̀lú ẹkún, ó pe àwọn ọdẹ, wọ́n sì tẹ̀ lé e lọ. Wọ́n wo ewé náà, wọ́n wo ara wọn, wọ́n wá wo Ọdẹ́rìndé.

"Ta ló ń fi ewé bo ohun tó bá pa?" Ògúnṣakin, àbúrò olóògbé, ló bèèrè bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn mọ̀. Ọdẹ ni. Ọdẹ méjì péré ló sì wọ igbó lọ́jọ́ náà.

Wọ́n fọ́ ìbọn Ọdẹ́rìndé láàárín ọjà, lójú gbogbo ayé. Wọ́n ní ó fi ìdí ìbọn lu ọ̀rẹ́ rẹ̀ pa, ó sì jí ìbọn òkú gbé pamọ́ sínú igbó. Kò pẹ́ tí ìbànújẹ́ fi pa òun náà. Nígbà tó kú, àwọn ọdẹ kọ̀ láti ṣe ìṣípà fún un, ìyẹn ètùtù tí ẹgbẹ́ ọdẹ fi ń tú ọdẹ tó kú sílẹ̀ kúrò láàárín wọn. Ọdẹ tí wọn kò bá ṣe é fún, kò sí láyé, kò sì tíì dé ọ̀run. Ìyàwó rẹ̀ náà kò gbọdọ̀ bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀.

Ìyàwó yẹn ni Ẹfúntọ́lá, ìyá Ọdẹ́jìnmí. Ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀ náà títí tó fi gbó. Ó lẹ̀ ẹ́, ó tún un pa láró, ó tún un lẹ̀. Irun orí rẹ̀ funfun sínú rẹ̀. Nígbà tí ikọ́ wá dé sí i láyà, tí kò lè gun òkè odò mọ́, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Mi ò ní í kú nínú aṣọ yìí. Ṣé o gbọ́? Mo kọ̀."

Ní ọdún yẹn, nígbà àjọ̀dún àwọn ọdẹ, ó se ẹ̀wà, ó rù ú lọ sí ọ̀dọ̀ wọn. Ògúnṣakin ti di Olúọdẹ, olórí gbogbo ọdẹ ìlú. Ó wo ìkòkò náà, ó ní kí wọ́n dà á fún àwọn adìyẹ.

"A ò ní í jẹ oúnjẹ ilé apànìyàn níbí."

Ọdẹ́jìnmí dìde láti ẹ̀yìn èrò. Wọn kì í jẹ́ kó jókòó láàárín wọn. Ọrun àti ọfà ló fi ń dá ṣọdẹ tirẹ̀, torí wọ́n kọ̀ kó di ìbọn mú. "Ta ló rí i?" ó pariwo. "Ta ló rí bàbá mi nígbà tó pa á? Ẹ fi ẹni náà hàn mí!"

Ògúnṣakin rẹ́rìn-ín. "Àwọn tó tẹ̀ lé e lọ lọ́jọ́ náà ti kú tán, ó ku èmi. Ó yá, lọ bi àwọn ẹranko tó wà níbẹ̀. Bóyá wọ́n á rántí!"

Gbogbo ọdẹ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn adìyẹ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí dúró títí ẹ̀rín náà fi tán.

"Ó dáa," ó wí. "Màá lọ bi wọ́n."

Nígbà tó ń di ọfà rẹ̀, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Ẹ dúró dè mí o."

"Mo ti ń dúró láti ìgbà tí o ti ń mu ọmú mi," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Ṣáà máa lọ."

Bí ó ti wọ Igbó Àìgbàgbé, ibi tí ọdẹ kankan kì í dé, iwin kan dí i lọ́nà. Orúnkún ni ojú iwin náà wà, ẹnu rẹ̀ sì wà ní àtẹ́lẹwọ́, tó fi jẹ́ pé bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní láti na ọwọ́ síni bí ẹni tó fẹ́ gbáni létí. Ó sì ń gbáni létí lóòótọ́.

"Ta ló gbọ́n jù nínú igbó yìí?" ó bèèrè.

"Èèyàn ni," Ọdẹ́jìnmí dáhùn. Iwin náà gbá a létí, ó yí gbirigbiri lọ sí ìsàlẹ̀ òkè. Ó tún gòkè padà.

"Ta ló gbọ́n jù?"

"Èmi Ọdẹ́jìnmí ni! Ta ló tún kù?" Gbà! Ó tún yí lọ sísàlẹ̀, igi ya ẹ̀wù rẹ̀. Ó gòkè padà, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nímú rẹ̀.

"Ta ló gbọ́n jù?"

"Mi ò mọ̀!" Ọdẹ́jìnmí ké mọ́ ọn. "Bí mo bá mọ̀ ni, ṣé màá wá síbí kí ìwọ olójú-orúnkún máa gbá mi kiri?"

Iwin náà pa ọwọ́ rẹ̀ dé, ó sì bọ́ kúrò lọ́nà.

Ìyá Ṣàngótúndùn ní bí Ọdẹ́jìnmí bá ti sọ ìtàn náà dé ibí yìí, á lu àyà gbì, á ní, "Ẹ wò mí dáadáa! Kò sí ìkankan nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí tí á gba ẹyọ kan nínú ìgbájú yẹn tí kò ní í pe orúkọ ìyá ìyá rẹ̀!" Àwọn èèyàn á ní, "Òótọ́ ni, bàbá." Á ní, "Ẹ má wulẹ̀ pọ́n mi lé. Ẹ fetí sílẹ̀."

Ibi tó dé lẹ́yìn ìyẹn ni ìlú àwọn kannakánná, tí wọ́n tẹ̀dó sí orí àwọn igi gíga. Bí wọ́n ti rí èèyàn ni wọ́n ya bò ó. Wọ́n ṣí fìlà rẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ lórí. "Ẹ wò ó bóyá òun ni!" "Ṣé òun ló ju òkò sí ìtẹ́ wa?" "Rárá, ìyẹn ní àpá lágbọ̀n!" "Bóyá ọmọ rẹ̀ ni!" Ọdẹ́jìnmí fi ọwọ́ bo ojú ara rẹ̀, ó ń bú wọn.

"Ẹ dáwọ́ dúró!" Àgbà kan nínú wọn, tí ìyẹ́ apá rẹ̀ kan ti ṣẹ́, bà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Mú ọwọ́ kúrò lójú. Ẹ wo bí imú yẹn ti rí. Ẹ wo àlàfo eyín yẹn. Ojú ọkùnrin tó tú ìyá mi kúrò nínú àwọ̀n nìyẹn."

"Mi ò tú ìyá ẹnikẹ́ni."

"A jẹ́ pé bàbá rẹ ni. A kì í gbàgbé ojú. Ìyá mi fi ojú yẹn hàn mí nígbà tí n kò tíì lè fò, èmi náà sì ti júwe rẹ̀ fún àwọn ọmọ mi. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ òsì á kọ́kọ́ pa dé. Bó bá ń rìn, á máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀."

Ọdẹ́jìnmí kò mọ ojú bàbá rẹ̀ rí. Ó jókòó sílẹ̀ lórí gbòǹgbò igi. Ó bi ẹyẹ náà bí bàbá òun ti ga tó, bí ohùn rẹ̀ ti rí, bóyá ó máa ń kọrin. Ẹyẹ náà dá a lóhùn gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni inú wá bí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: ẹyẹ lásánlàsàn ń rántí ojú bàbá òun dáadáa, ìlú tó bí i sì ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń tutọ́.

"Lọ́jọ́ tí Abíọ́nà kú ńkọ́?"

"A rí bàbá rẹ tó ń sáré lọ sílé pẹ̀lú ẹkún. Ìbọn kan ló gbé, tirẹ̀ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ igi, àwa tí a wà lókè kò rí i. Lọ bi àwọn erin. Ahun nìkan ló mọ ọ̀nà ibẹ̀."

Orí òkúta ni Ahun wà, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ tó ọpọ́n ìfọṣọ, koríko wẹ́wẹ́ ti hù bò ó. Bí Ọdẹ́jìnmí ti rí i ló bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ alárékérekè! Ta lo tún fẹ́ tàn jẹ lónìí?"

"Kí ni mo jí nílé rẹ?" Ahun bèèrè.

"Hẹn?"

"Mo ní kí ni mo jí? Mo ti wà lórí òkúta yìí kí ẹnikẹ́ni tó fi àáké kan igi ní Òkè-Àràbà. Mi ò wọ ilé yín rí. Mi ò tọ́ ọbẹ̀ yín wò. Síbẹ̀ ẹ ó kó àwọn ọmọ yín jọ, ẹ ó ní èmi ni mo jalè, èmi ni mo tan àna mi jẹ, èmi ni mo yọ̀ mọ́ ọ̀rẹ́ mi kí n lè pa á. Ta ló rí mi?"

Ẹ̀rín kú mọ́ Ọdẹ́jìnmí lẹ́nu. Ìbéèrè tí òun alára bi Ògúnṣakin nìyẹn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Kò sẹ́ni tó rí yín, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Màá bínú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bínú, ó sì bá mi lára mu. Bàbá bàbá rẹ kò tíì dáyé tí mo ti ń bínú. Dìde. Màá mú ọ dé ọ̀dọ̀ àwọn erin, àmọ́ ẹ̀yìn mi ni wàá máa rìn. Bí o bá fi ẹsẹ̀ kan ṣáájú mi, ọ̀nà náà á pa dé."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ṣé ẹ ti rìn lẹ́yìn ahun rí? Ìyá ọkùnrin náà ń wú ikọ́ nílé. Ahun á gbé ẹsẹ̀ kan, á dúró, á wo ewé kan, á jẹ ẹ́, á tún gbé ẹsẹ̀ kejì. Ọdẹ́jìnmí ń jẹ ètè. Níkẹyìn ó ní, "Bàbá, ìyá mi ń kú lọ!" ó sì fo Ahun kọjá. Lójú ẹsẹ̀, igi padé mọ́ ara wọn, ó sì bá ara rẹ̀ lẹ́bàá òkúta níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ahun wà lórí rẹ̀, ó ń yá oòrùn.

"Káàbọ̀," ni Ahun wí.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Ó bú igi, ó bú ẹsẹ̀ Ahun, ó jókòó sílẹ̀ sunkún ìbínú. Nígbà tó yá, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí wo ohun tí Ahun ń wò. Ó rí i pé ewé tó máa ń jẹ, ibi tí omi bá ń gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá ló ń hù. Ó rí i pé ibi tó bá ti yà kúrò lọ́nà, ọ̀fìn wà níwájú tí koríko bò. Ahun kò ṣi ẹsẹ̀ gbé níbì kan. Ọdẹ́jìnmí pa ẹnu dé, ó ń tẹ ibi tí Ahun bá tẹ̀, títí wọ́n fi gúnlẹ̀ sí àárín àwọn erin.

Ìyá àgbà wọn jáde sí i. Etí rẹ̀ ti ya bí aṣọ ọ̀fọ̀ ìyá Ọdẹ́jìnmí, eyín ńlá rẹ̀ kan ti ṣẹ́ ní ìdajì. Ó na ọwọ́-ìjà, imú gígùn rẹ̀, ó gbóòórùn ọkùnrin náà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Mo mọ òórùn yìí. Ọmọ ọkùnrin tó dé lẹ́yìn ni ọ́."

"Lẹ́yìn kí ni?"

"Lẹ́yìn tí mo ti bò ó tán."

Ọdẹ́jìnmí sún mọ́ ọn. "Ẹ̀yin lẹ fi ewé bo Abíọ́nà?"

"Èmi ni. Ó yìnbọn fún ọmọ mi. Ọmú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ìbínú gbé mi, mo fi orí tẹ ọkùnrin náà mọ́lẹ̀, ó kú. Ọmọ mi sáré dé etí omi, òun náà kú. Mo ṣẹ́ ewé, mo bo ọmọ mi. Mo padà lọ, mo ṣẹ́ ewé, mo bo òun náà."

"Kí ló dé?" Ọdẹ́jìnmí fi igbe bọ ẹnu. "O ti pa á tán, kí lo wá bò ó fún? Ewé rẹ yẹn ló pa bàbá mi! Ewé yẹn ló so ìyá mi mọ́ inú aṣọ òkú! Ọdẹ ló ń fi ewé bo òkú, ìwọ ẹranko—"

"Ta ló sọ fún yín?" Ohùn erin náà mi ilẹ̀ tìtì, àwọn ẹyẹ fò sókè. "Ta ló sọ fún yín pé ẹ̀yin nìkan lẹ ní òkú? Ẹ̀yin ń fi ewé bo ẹran kí ẹnìkan má baà jí i jẹ. Àwa ń bo òkú torí pé òkú ni! Ìyá ìyá mi ṣe é, èmi náà ń ṣe é. Ọkùnrin yẹn pa ọmọ mi, síbẹ̀ mi ò lè fi í sílẹ̀ kí òjò máa pa á lójú. Ẹ wá rí ewé mi, ẹ sì sọ pé èèyàn nìkan ló lè gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Àìmọ̀kan yín ló pa bàbá rẹ. Má gbé e lé mi lórí!"

Ọdẹ́jìnmí ti fa ọrun. Ọfà náà dojú kọ ibi tí awọ ti fẹ́lẹ́ lẹ́yìn etí rẹ̀, ó sì mọ̀ pé kò ní í tàsé.

"Ta á," ni erin náà wí. "Bí o bá pa mí tán, rántí wá ewé."

Ó pẹ́ kí ọrun náà tó walẹ̀.

Erin náà mú un lọ sí etí omi. Egungun kékeré wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní, torí pé lọ́dọọdún ni àwọn erin ń wá fọwọ́ kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìbọn Abíọ́nà wà, níbi tí erin náà gbé e jù sí lọ́jọ́ náà, òrùka idẹ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ ti ká bí ìwọ̀ ẹja, eyín erin sì ti lu ìdí rẹ̀ já.

"Gbé e lọ," ó wí. "Àmọ́ má sọ ìdajì. Sọ pé èmi ni mo pa á, kí o sì sọ ohun tó ṣe."

"Wọ́n á wá yín wá."

"Wọn ò ní í bá wa. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, òjò kọ̀, ìyá ìyá mi sì mú wa gba ọ̀nà kan lọ síbi tí omi kì í gbẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rìn ín. Mo ṣì mọ gbogbo igi ibẹ̀." Ó fọwọ́ kan egungun ọmọ rẹ̀, ó sì ké sí àwọn èèyàn rẹ̀ pé ó tó àkókò láti lọ.

Ọjọ́ ọjà ni Ọdẹ́jìnmí wọ ìlú, ó sì ju ìbọn náà sílẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti fọ́ ti bàbá rẹ̀. "Mo ti bi wọ́n!" ó ké. "Wọ́n rántí!"

Ó sọ ọ́, kò fi ìkankan pamọ́. Nígbà tó dé ibi tí Abíọ́nà ti yìnbọn fún ọmọ erin tó ń mu ọmú, ariwo ta láàárín àwọn ọdẹ, torí èèwọ̀ ẹgbẹ́ wọn ni. Ògúnṣakin tẹ̀ba, ó mú ìbọn náà. Ó yí òrùka idẹ rẹ̀, ó mọ̀ pé ti ẹ̀gbọ́n òun ni, ó ki ìka bọ ojú ihò eyín. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin gbìyànjú láti na ọ̀pá náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta, wọ́n gun orí rẹ̀. Kò mì.

"Ẹranko kò lè ní ọgbọ́n yẹn," Ògúnṣakin ń wí lábẹ́lẹ̀. "Kò lè ní in." Ó wo ojú àwọn ọdẹ, ó rí i pé òun nìkan ló kù sídìí ọ̀rọ̀ náà. Ó nu ojú rẹ̀. "Ó dáa. A ó ṣe ìṣípà fún Ọdẹ́rìndé. A ó ṣe é ní kọ̀rọ̀, láàárín ara wa. Kò sí ìdí tí a ó fi máa pariwo orúkọ ẹ̀gbọ́n mi."

"Kọ̀rọ̀ wo?"

Ẹfúntọ́lá ló sọ̀rọ̀. Ó ti fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ibẹ̀, èémí ń dùn ún. "Ṣé kọ̀rọ̀ lẹ ti fọ́ ìbọn ọkọ mi? Ibí yìí ni. Mo dúró níbí, ọmọ wà lẹ́yìn mi. Ibí yìí náà lẹ ó ti ṣe é, kí ìwọ Ògúnṣakin sì fi ẹnu ara rẹ sọ pé kò pa á."

"Ìyá, ẹ rọra," ni ẹnìkan wí.

"Mo ti rọra tó."

Ògúnṣakin sọ ọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn ní àwọn kò gbọ́. Ó tún un sọ, ó pariwo rẹ̀. Nígbà náà ni àwọn ọdẹ sun ìjálá fún Ọdẹ́rìndé láàárín ọjà, wọ́n kó ohun ìṣọdẹ rẹ̀ tó kù jọ, wọ́n dì í lẹ́rù. Ọdẹ́jìnmí gbé e wọ igbó. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ níbi tí wọ́n ti máa ń sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì ṣe ohun tí ọdẹ kankan kò ṣe rí níbẹ̀: ó ṣẹ́ ewé tútù, ó fi bò ó dáadáa, kí òjò má baà pa á.

Nígbà tó padà dé, ó ku ohun kan. Àṣà ni pé bí ìṣípà bá parí, opó á kúnlẹ̀ níwájú Olúọdẹ, á dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọdẹ pé wọ́n tú ọkọ òun sílẹ̀. Ògúnṣakin jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Àwọn ọdẹ tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń dúró dè é.

Ẹfúntọ́lá rìn dé iwájú rẹ̀. Ó tú aṣọ ọ̀fọ̀ náà. Ìró funfun kan wà lábẹ́ rẹ̀, tó ti ní lákàpò láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Ó ká aṣọ ọ̀fọ̀ náà jọ, pẹ̀lú gbogbo ìlẹ̀pọ̀ ara rẹ̀, ó sì gbé e lé Ògúnṣakin lẹ́sẹ̀.

"Ìyá," Ọdẹ́jìnmí rọra wí, torí gbogbo ọjà ń wò wọ́n, "ẹ ò tíì dúpẹ́ o."

"Àwọn erin tó sọ òótọ́ ńkọ́? Ta ló dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn?"

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀. Ògúnṣakin pè é, ó fi orúkọ rẹ̀ pè é, ó tún pè é ní ìyàwó Ọdẹ́rìndé, ohun tí ẹnikẹ́ni kò pè é rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fọ́ ìbọn náà. Àwọn èèyàn là sọ́tùn-ún, wọ́n là sósì. Ẹfúntọ́lá gba àárín wọn kọjá nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó ń wú ikọ́, ó ń lọ sílé, kò sì wẹ̀yìn.